ILÉ ŃLÁ LÓRÍ ILẸ̀ TÍ Ó DÀGẸ̀RẸ́: BÍ A ṢE LÈ KỌ́ Ọ KÍ OWÓ MÁ BAÀ TÁN SÍNÚ ÌPÌLẸ̀

Kò sí ìlú olókè kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí a kò ti lè rí irú ilé yìí. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ga bí odi, búlọ́ọ̀kù rẹ̀ ti dúdú, koríko sì ti gba inú rẹ̀ kan. Ewúrẹ́ ni ń sùn níbi tí ó yẹ kí a ti máa gba àlejò. Bí a bá béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀, àwọn ará àdúgbò lè sọ pé ọ̀tá ni kò jẹ́ kí onílé parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá lọ bá onílé fúnra rẹ̀, tí ó sì fẹ́ sọ òtítọ́, yóò sọ fún wa pé owó tí òun rò pé yóò bá òun dé orí òrùlé ni ó tán sínú ilẹ̀ kí ògiri kìíní tó yọjú.

Ọ̀rọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ yìí. A kò kọ ọ́ fún àwọn ẹnjiníà, nítorí iṣẹ́ wọn ni, wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n. A kọ ọ́ fún baálé ilé, fún ìyá ilé, àti fún àwọn ọmọ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ìdálẹ̀ tí wọ́n sì ń fi owó ránṣẹ́ sílé, kí wọ́n lè mọ ohun tí ó yẹ kí wọ́n béèrè kí a tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀.

ÒKÈ KÌ Í ṢE ILẸ̀ BURÚKÚ

Àwọn baba ńlá wa kò sá fún òkè. Ní ìgbà ogun, òkè ni odi wọn. Orí àwọn òkè ni a tẹ Ìbàdàn dó sí. Abẹ́òkúta sì gba orúkọ rẹ̀ lára àpáta Olúmọ tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí abẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀ ní ọdún 1830. Gbọ̀ngàn Màpó tí a ṣí ní ọdún 1929 ṣì dúró lórí òkè rẹ̀ títí di òní olónìí.

Ilẹ̀ tí ó dàgẹ̀rẹ́ ní àǹfààní tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i, omi kì í dá ògo sí i, nígbà púpọ̀ ni iye owó rẹ̀ sì máa ń dín ju ti ilẹ̀ tí ó tẹ́jú lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó bá rà á má ṣe gbàgbé pé owó tí òun kò san fún onílẹ̀, òun lè san án fún onítípà. Bí onílé bá bá ilẹ̀ náà jà, ilẹ̀ ni yóò borí. Bí ó bá sì bá a lọ bí ó ti lọ, òun náà yóò jèrè.

KÍ A KỌ́KỌ́ MỌ ILẸ̀

Ohun kìíní ni kí a mọ bí ilẹ̀ náà ti lọ sísàlẹ̀ tó. Ojú lásán kò lè sọ èyí fún wa. Bíríkìlà ní ọgbọ́n kan tí kò náni lówó púpọ̀. Yóò rọ omi kún rọ́bà gígùn tí ó mọ́ gaara. Ẹnì kan yóò di ẹnu rọ́bà kan mú ní òkè ilẹ̀, ẹnì kejì yóò di ẹnu kejì mú ní ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá tí a ti sàmì ìwọ̀n sí. Níbi tí omi bá dúró sí ní ẹnu méjèèjì, ọgbọọgba ni wọ́n. Bí omi bá fi ẹsẹ̀ bàtà 1 ga ju ilẹ̀ lọ ní òkè, tí ó sì fi ẹsẹ̀ bàtà 6 ga ju ilẹ̀ lọ ní ìsàlẹ̀, a mọ̀ pé ilẹ̀ náà ti fi ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ sílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá gùn, kí a wọ̀n ọ́n díẹ̀díẹ̀, kí a sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Awọnlẹ̀ tí ó ń ya àwòrán ilẹ̀ náà lè kọ gíga ibi kọ̀ọ̀kan sí i, bí a bá sọ fún un ṣáájú.

Ohun kejì ni kí a lọ síbẹ̀ nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Kí a wo ibi tí àgbàrá ń gbà. Kí a béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀ tipẹ́ bí omi bá ti gba ibòmíràn rí. Ohun kẹta ni kí a gbẹ́ kòtò bíi mẹ́ta sí ọ̀kánkán ibi tí igun ilé yóò wà, kí a lè mọ̀ bóyá ilẹ̀ líle, iyanrìn, amọ̀ tàbí àpáta ni ó wà nísàlẹ̀. Àpáta lè gbé ilé dúró dáadáa, ṣùgbọ́n owó ni a ó fi fọ́ ọ. Ó sàn kí a bá a pàdé nínú kòtò kékeré ju kí a bá a pàdé nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ti dé tán.

ÌWỌ̀N EKU NI ÌWỌ̀N ÌTẸ́

Ẹ jẹ́ kí a fi ìdílé kan ṣe àpẹẹrẹ, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa yékéyéké. Ẹ̀gbọ́n kan àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì fẹ́ kọ́ ilé kan fún gbogbo ìdílé. Ìyá wọn ti dàgbà, orúnkún sì ń dùn ún. Ilẹ̀ wọn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú àti 120 ní gígùn. Ọ̀nà gba òkè rẹ̀ kọjá, láti ojú ọ̀nà dé ẹ̀yìn ilẹ̀ sì ni ó fi ẹsẹ̀ bàtà 12 lọ sísàlẹ̀. Èyí ni pé, bí a bá rin ẹsẹ̀ bàtà 10, a ti sọ̀ kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 1.

Ẹ̀gbọ́n fẹ́ kí ilé náà ní yàrá 12. Àbúrò tí ó tẹ̀ lé e dá a lóhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí a kọ orúkọ àwọn tí yóò máa sùn níbẹ̀ sílẹ̀ ná.” Nígbà tí wọ́n kọ orúkọ, wọ́n rí i pé àwọn tí yóò máa sùn níbẹ̀ lójoojúmọ́ kò ju ẹni mẹ́jọ lọ. Àwọn yòókù kò níí wá ju ìgbà ọdún àti ìgbà ìnáwó lọ. Ìyá wọn náà sọ tirẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má kọ́ ilé tí n kò níí lè jáde nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan gbé mi.” Ọ̀rọ̀ méjì yìí ni ó tún èrò wọn ṣe. Wọ́n fẹnu kò sí yàrá 6, pẹ̀lú yàrá ìgbàlejò ńlá kan tí a lè tẹ́ ẹní sí nígbà tí èrò bá pọ̀. Ilé náà yóò jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 40 ní ìbú àti 50 ní gígùn, gígùn rẹ̀ yóò sì dojú kọ ìsàlẹ̀.

Yàrá tí a kò kọ́ kò béèrè ìpìlẹ̀, kò béèrè páànù. Lórí ilẹ̀ tí ó dàgẹ̀rẹ́, gbogbo ẹsẹ̀ bàtà tí a bá fi kún gígùn ilé sí ìhà ìsàlẹ̀ ni ó ń mú kí ìpìlẹ̀ ga sí i.

Ọ̀NÀ MẸ́TA TÍ A LÈ GBÀ

Níbi tí ilé yìí yóò gbé dúró, ilẹ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ sílẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Kí a lè ṣírò erùpẹ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo àpótí kan tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà kìíní ni kí a kọ́ ìpìlẹ̀ ga ní ẹ̀yìn títí yóò fi bá iwájú dọ́gba, kí a sì rọ erùpẹ̀ dí àárín rẹ̀. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń gbà nìyí. Erùpẹ̀ tí yóò gbà jẹ́ àpótí 5,000. Erùpẹ̀ tí a tú máa ń dín kù nígbà tí a bá gún un mọ́lẹ̀. Bí a bá fi ìdá kan nínú márùn-ún kún un nítorí èyí, ó di àpótí 6,000. Bí típà tí a háyà bá ń gbé àpótí 180 lẹ́ẹ̀kan, yóò lọ yóò bọ̀ ní ìgbà 34. Búlọ́ọ̀kù oní-íńṣì 9 tí yóò wọ inú ògiri ìta nìkan, nínú apá tí ó ga ju ti ilẹ̀ títẹ́jú lọ, yóò tó nǹkan bí 400, láìka ti àwọn ògiri inú. Kò sí èyí tí àlejò yóò rí nínú gbogbo rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni kí a gé ilẹ̀ ní ìhà òkè, kí a sì fi erùpẹ̀ tí a gé dí ìhà ìsàlẹ̀. Ilé yóò wà ní àárín méjèèjì. Erùpẹ̀ tí a ó gé jẹ́ àpótí 1,250, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí èyí tí a ó rà. Ṣùgbọ́n a ó nílò ògiri tí yóò gba ilẹ̀ dúró ní ìhà tí a gé.

Ọ̀nà kẹta ni kí a pín ilé sí ìpele méjì, kí ó máa bá ilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ìdajì ti iwájú yóò wà lókè, ìdajì ti ẹ̀yìn yóò fi ẹsẹ̀ bàtà 2 àti ààbọ̀ rẹlẹ̀ sí i. Àtẹ̀gùn márùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní íńṣì 6 ni yóò so wọ́n pọ̀. Bí a bá gé, tí a sì dí, ní ìpele kọ̀ọ̀kan, gbogbo erùpẹ̀ tí a ó gé kò ju àpótí 625 lọ. Èyí jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ ohun tí ọ̀nà kìíní béèrè.

Ìdílé wa yan ọ̀nà kẹta. Wọ́n fi yàrá ìyá wọn, ilé ìwẹ̀ rẹ̀ àti yàrá ìgbàlejò sí ìpele òkè tí ó bá ojú ọ̀nà dọ́gba, kí ìyá lè máa rìn jáde láìgun àtẹ̀gùn kankan. Ilé ìdáná àti yàrá àwọn ọ̀dọ́ wà ní ìpele ìsàlẹ̀.

Bí ilẹ̀ bá dàgẹ̀rẹ́ ju báyìí lọ, ọgbọ́n mìíràn wà. Dípò kí a rọ erùpẹ̀ kún abẹ́ ilé, a lè sọ abẹ́ náà di yàrá tí ojú fèrèsé rẹ̀ kọ sí ìsàlẹ̀, kí a fi ṣe ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé ìkẹ́rùsí. Ògiri ẹ̀yìn irú yàrá bẹ́ẹ̀ ń gbé ilẹ̀ dúró, omi sì lè là á kọjá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dán èyí wò láìsí ẹnjiníà.

ÌPÌLẸ̀ ÀTI ÒGIRI TÍ Ń GBA ILẸ̀ DÚRÓ

Ọ̀nà yòówù tí a bá yàn, òfin kan wà tí a kò gbọdọ̀ rú. Ìpìlẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró lórí erùpẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ. Ó gbọdọ̀ là á kọjá dé orí ilẹ̀ líle tí a kò tíì fọwọ́ kàn rí. Erùpẹ̀ tí a rọ yóò máa rọ̀ sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ìhà tí ó bá rọ̀ ni ògiri yóò sì ti sán. Kí a máa rọ ọ́ ní ìpele tí kò nípọn ju íńṣì 6 sí 9 lọ, kí a wọ́n omi sí i, kí a gún un kí ó le, kí a tó rọ òmíràn lé e.

Ìsàlẹ̀ kòtò ìpìlẹ̀ kò gbọdọ̀ dàgẹ̀rẹ́ bí ilẹ̀ ti dàgẹ̀rẹ́. Kí a gbẹ́ ẹ bí àtẹ̀gùn, kí ìpele kọ̀ọ̀kan tẹ́jú, kí gíga rẹ̀ sì jẹ́ ti búlọ́ọ̀kù kan, kí ìlà búlọ́ọ̀kù lè bá ara wọn mu. Kí kọnkéré ìpele òkè gun orí ti ìsàlẹ̀ díẹ̀, kí àlàfo má ṣe wà láàárín wọn. Àdàlù kọnkéré tí ó wọ́pọ̀ ni ìwọ̀n sìmẹ́ńtì kan, yanrìn méjì àti òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin. Kí a máa bu omi sí i fún ọjọ́ 7, ó kéré tán.

Ògiri tí ń gba ilẹ̀ dúró kì í sábà wó nítorí ilẹ̀ nìkan. Omi tí ó kó sí ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó máa ń tì í ṣubú. Nítorí náà, kí a fi páìpù kéékèèké sí ara rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún márùn-ún, kí a sì kó òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí omi lè rí ọ̀nà jáde. Bí ó bá jẹ́ òkúta ni a fi mọ ọ́n, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn tó ìdajì gíga rẹ̀. Bí yóò bá ga ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ, iṣẹ́ ẹnjiníà ni.

ÀGBÀRÁ ÒJÒ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: àgbàrá òjò kò ní òun kò níí wó ilé, onílé ni kò níí gbà fún un. Kò sí ibi tí òwe yìí ti bá ọ̀rọ̀ mu tó ilé orí òkè. Òrùlé ilé tí a fi ṣe àpẹẹrẹ yìí, láìka etí rẹ̀, bo ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 40 sí 50. Bí òjò íńṣì 2 bá rọ̀ sí i, omi tí yóò ti orí páànù ṣàn wálẹ̀ yóò tó lítà 9,400. Bí a bá fẹ́ gbè é sínú dúrọ́ọ̀mù, a ó wá dúrọ́ọ̀mù oní-lítà 200 mẹ́tàdínláàádọ́ta. Gbogbo èyí ni yóò máa ya ìpìlẹ̀ wa lọ bí a kò bá la ọ̀nà fún un.

Kí a gbẹ́ gọ́tà sí ìhà òkè ilé kí omi tí ń bọ̀ láti ọ̀nà má baà kan ògiri rárá. Kí a yí i gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ sí ojú àgbàrá ìlú. A kò gbọdọ̀ darí rẹ̀ sí àgbàlá aládùúgbò. Kí a gbin koríko sí ibi tí a kò kọ́lé sí. Àwọn ará Ìbàdàn kò níí gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 tí odò Ògùnpa ya wọ ìlú, tàbí ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 tí omíyalé gbẹ̀mí ènìyàn tí ó lé ní 100. Omi tí a bá lé kúrò lórí òkè láìbìkítà ni ẹni tí ń gbé àfonífojì yóò bá pàdé.

Bí a bá fẹ́ gbẹ́ kànga, ìhà òkè ni kí ó wà, kí ṣalángá àti kòtò ìdọ̀tí sì wà ní ìhà ìsàlẹ̀. Àárín wọn kò gbọdọ̀ dín ní mítà 30. Kí a wo ibi tí kànga aládùúgbò wa ní ìsàlẹ̀ wà pẹ̀lú, nítorí ìsàlẹ̀ tiwa ni òkè tirẹ̀.

ÌṢIRÒ OWÓ

Iye owó sìmẹ́ńtì lè yí padà kí ọjà méjì tó kọjá, ṣùgbọ́n iye àpò tí ilé ń fẹ́ kì í yí padà. Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ ka nǹkan, kí a tó ka owó. Kí a ní ìwé kan tí a pín sí ọ̀nà méjì: iye tí a ń fẹ́ ní apá kan, iye owó rẹ̀ lónìí ní apá kejì. Nígbà tí owó bá yí, apá kejì nìkan ni a ó tún kọ.

Kí a pín iṣẹ́ sí ìpín mẹ́fà:
1. Ìwé ilẹ̀, àwòrán ilé àti ìwé àṣẹ ìkọ́lé.
2. Gígé ilẹ̀, ìpìlẹ̀ àti ohun gbogbo tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ ilé.
3. Ògiri.
4. Òrùlé.
5. Ilẹ̀kùn, fèrèsé, rírẹ́ ògiri, omi àti iná.
6. Ìta ilé: gọ́tà, ògiri tí ń gba ilẹ̀ dúró, àtẹ̀gùn àti àgbàlá.

Ìpín kìíní àti ìkẹfà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé, lórí òkè sì ni ìkẹfà ti wúwo jù. Kí a fi ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo owó pamọ́ fún ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ìpín kejì, kí a fi ìdá kan nínú márùn-ún pamọ́, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ inú ilẹ̀. Kí a má ṣe bẹ̀rẹ̀ títí owó ìpín kìíní àti ìkejì àti ti ògiri tí ń gba ilẹ̀ dúró yóò fi pé. Ìpìlẹ̀ tí ó bá òjò méjì pàdé láìparí ti ń bàjẹ́ lọ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta, ni ó dára jù fún iṣẹ́ ilẹ̀.

Bí owó kò bá lè parí ilé lẹ́ẹ̀kan, kí a ṣe ìpìlẹ̀ ìpele méjèèjì pọ̀, nítorí gbígbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀ lábẹ́ ilé tí ó ti dúró léwu. Lẹ́yìn náà, kí a parí ìpele òkè, kí a kan òrùlé rẹ̀, kí a sì máa gbé inú rẹ̀ nígbà tí a ń wá owó ti ìsàlẹ̀. Yàrá mẹ́ta tí ó ní òrùlé sàn ju mẹ́fà tí kò ní lọ.

ÌWÉ ÀTI ÌFẸNUKÒ

Kí a gba ìwé àṣẹ ní ọ́fíìsì ìjọba tí ń rí sí ètò ìkọ́lé kí a tó bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí a ti ṣe òfin lílo ilẹ̀ ní ọdún 1978 ni ìwé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ ti jẹ́ ohun tí a kò gbọdọ̀ fi ṣeré. Láàárín ọmọ ìyá pàápàá, kí a kọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú wá sílẹ̀, kí a kọ ẹni tí ó ni yàrá wo, kí a sì kọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ọ̀kan bá kú. Inú dídùn ni a fi ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ìjà bá dé, kò sí ẹni tí yóò fẹ́ fọwọ́ sí i mọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ilé kò ní láti ga kí a tó mọ̀ pé ó níyì. Bí òjò ńlá bá rọ̀ ní ọ̀gànjọ́, tí àgbàrá gba ojú gọ́tà rẹ̀ kọjá, tí ìyá àgbà inú ilé kò sì jí lójú oorun, iṣẹ́ onílé náà ti yẹ ẹ́. Ẹ lọ wọn ilẹ̀ yín kí òjò ọdún yìí tó dáwọ́ dúró.